Gbì Tó Wà Láàárín Orin

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyàwó Onírédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe ti kú tipẹ́, tí òun náà sì ti di ìyá àgbà tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí àwọn òbí wọn bá bá wọn wí, á ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, pé orúkọ tó ń sọ èèyàn di ọmọge lójoojúmọ́ kò yẹ kó sú èèyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó ti jókòó sí ìlà iwájú nínú gbọ̀ngàn eré, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó na ọrùn sókè. Nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àṣẹ pípa. Ẹ̀yìn wọn kún fọ́fọ́ fún àwọn àgbà àdúgbò. Eré orin ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí ìtàgé, eré tí wọ́n fi ń yin àwọn orin sóòlù àtijọ́, orin ìfẹ́ ìgbà tí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣì ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣí eré náà fún gbogbo ayé. Ìdánrawò ìkẹyìn ni tòní, wọ́n sì ní kí àwọn ará àdúgbò wá wò ó, kí ojú èèyàn lè mọ́ àwọn eléré lára.

Ohun tó gbé Ìyàwó Onírédíò wá ju orin lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú eré náà. Kékeré ni wọ́n ń pè é nílé, torí òun ni àbíkẹ́yìn, ṣùgbọ́n Kékeré ti ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó lè wọlé ìyá rẹ̀ àgbà. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọrin lẹ́yìn àwọn ẹlòmíì, tó ń ṣe "úù" tó ń ṣe "áà". Nínú eré yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, wọ́n fún un ní orin kan tí òun nìkan máa dúró síwájú kọ. Ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ náà sì ni orin tí ìyá àgbà fi tọ́ ọ dàgbà, tó ń kọ sí i létí tó bá ń wẹ̀ ẹ́, tó bá ń ya irun rẹ̀, tó bá ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun.

Kékeré jáde nínú aṣọ pupa tó ń dán, irun orí rẹ̀ ṣù rogodo. Nọ́ọ̀sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níhà.

"Wo irun! Irú èyí tí ìwọ náà ń gbé kiri nígbà yẹn, tó máa ń há sẹ́nu ilẹ̀kùn."

"Tèmi tóbi jù yẹn lọ. Panu mọ́, jẹ́ n gbọ́ ọmọ mi."

Fèrè kọ́kọ́ sọkún díẹ̀, dùùrù rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, Kékeré wá mú orin:

"Má tíì lọ, olólùfẹ́,
Ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu mi…"

Ìsàlẹ̀ ikùn ni ohùn náà ti ń bọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ara gbogbo èèyàn sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù níkòríta ti dìde, ó ń fi èjìká jó. Bí Kékeré ṣe dé ibi tó ti máa sọ pé "dúró ná" báyìí, àwọn àgbà gba orin mọ́ ọn lẹ́nu.

"Dúró ná! Dúró ná! Dúró ná! Dúró ná!"

Gbì! Gbogbo wọn tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ gbọ̀n.

Àwọn eléré kò dúró ní tiwọn. "Dúró ná" kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ti bọ́ sí ẹsẹ orin tó kàn. Onífèrè ti lọ jìnnà, onílù ń wo ẹ̀yìn, àwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò nílẹ̀, Kékeré sì dúró sáàárín, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò mọ ẹni tí ì bá tẹ̀ lé. Orin dàrú. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó tún dàrú, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí àwọn àgbà rò pé ohùn àwọn ni kò ròkè tó.

Ọ̀gá Eré, ọ̀dọ́kùnrin kan tó fi gíláàsì sójú, tó ti ìlú mìíràn wá, bọ́ síwájú.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọ 'dúró ná' nínú orin yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀kan báwo?" Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí orin yẹn jáde, ṣé wọ́n ti bí bàbá ẹ?"

"Wọn ò tíì bí wọn, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlù ńlá máa wá dún gbì. Ẹ tilẹ̀ tún fo ìlù náà."

"Kò sí ìlù kankan níbẹ̀, mà."

"Ẹ gbà mí o! Ó ní kò sí ìlù!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó Onírédíò náà ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó rí ojú Kékeré. Ọmọ náà ń wolẹ̀, ó ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀ mọ́wọ́. Ọ̀gá Eré súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n etí Ìyàwó Onírédíò kò tíì darúgbó.

"Mi ò bá ẹ jà o. Àmọ́ tó bá tún dàrú báyìí lọ́la, lójú gbogbo èèyàn, màá yọ orin yẹn kúrò nínú eré. Kò sí ọgbọ́n mìíì."

Bí wọ́n bá sì yọ orin náà, wọ́n yọ Kékeré nìyẹn. Ẹ̀yìn ló ń padà sí, kó lọ máa ṣe "úù" àti "áà".

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, Màmá," ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ́kọ́ sọ bó ṣe tẹrí ba wọlé ìyá rẹ̀ àgbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Èmi? Èmi tí mo kọ́ ọ lórin?"

"Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi gan-an ni wàhálà. Ojú mi rí nǹkan kí n tó lè yọ 'dúró ná' mẹ́ta yòókù kúrò lẹ́nu ara mi. Mo wá yọ ọ́ tán, ẹ kó gbogbo àdúgbò wá láti wá dá a padà sí mi lẹ́nu!"

"Ẹnu ẹ mú o, ọmọ yìí."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Àwọn ọ̀gá yín ló ṣì í. Mo ti ń gbọ́ orin yẹn kí wọ́n tó bí ìyá ẹ. Àwo rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ fà á jáde, ká gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́."

Àwo náà kò tíì rí ìmọ́lẹ̀ láti ìgbà tí Onírédíò ti kú. Kì í ṣe pé ìyàwó rẹ̀ gbàgbé. Ọwọ́ rẹ̀ kàn kì í fẹ́ kàn án ni.

Nígbà ọmọge rẹ̀, alágbàfọ̀ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó kún fún ooru áyọ́ọ̀nù eléèédú àti òórùn ọṣẹ. Ògiri pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín òun àti ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ojú ọkùnrin náà, àmọ́ ó mọ àwo rẹ̀, torí ọkùnrin náà gbé sípíkà kan sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú rẹ̀ sí títì. Ní gbogbo àdúgbò, òun nìkan ló ní àwo orin yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, ojú títì ló ti máa gbọ́ ọ, ibẹ̀ náà ló sì ti máa jó o. Alágbàfọ̀ náà kọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń bá orin rìn. "Má tíì lọ," á tì í síwájú. "Olólùfẹ́," á fà á padà. Tó bá di "dúró ná", áyọ́ọ̀nù á máa gbọ̀n lójú kan, títí ìlù á fi dún gbì.

Ojú kan yẹn ló jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà kan. Tíṣà fi ariwo gba gbogbo òpópónà. Ibẹ̀ ni ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ti jáde wá pẹ̀lú irin iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ má bá a wí, sà. Àwo mi ló jẹ̀bi." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọge náà rò pé ìtìjú ni, ìtìjú náà sì wù ú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹ́ ara wọn. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, bí àwo náà bá ti ń kọ, tó dé ibẹ̀, ọkọ á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyàwó á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì wo ara wọn rẹ́rìn-ín.

Kékeré nu eruku ara ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ síná, ó rọra gbé abẹ́rẹ́ lé àwo lórí. Ṣààà. Fèrè sọkún. Dùùrù rẹ̀ ẹ́. Ìyàwó Onírédíò jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

"Dúró ná. Dúró ná. Dúró ná. Dúró ná."

"O gbọ́?" Ìyá àgbà nàka sókè. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin géérégé! Wá gbọ́ ìlù báyìí."

"Dúró ná. Dúró ná. Dúró ná."

Ìlù kò dún.

"Màmá, ó ti há."

"Kò há. Ìlù náà ń bọ̀."

"Dúró ná. Dúró ná. Dúró ná."

"Màmá, àwo yìí ti ya lójú ibí. Ẹ wá wò ó. Abẹ́rẹ́ ló ń fò padà sẹ́yìn."

Ìyàwó Onírédíò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ìlà tín-ín-rín kan wà lára àwo dúdú náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìdí ìlà yẹn, á ta padà. Obìnrin náà dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí olórin ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ná, kó dúró ná. Ó ń retí ìlù tó ti ń gbọ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ gígùn kan nínú bàtà tí ìdí rẹ̀ ti jẹ, àti ẹni tó ni ín, tó máa ń wò ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, orúnkún ń ráhùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Gbì!

Tábìlì mì. Abẹ́rẹ́ fò kọjá ìlà yẹn. Orin bọ́ síwájú, ó ń lọ geere.

Ìyàwó Onírédíò jókòó pẹ̀ẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti ikùn.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni! Kékeré, ẹsẹ̀ bàbá ẹ àgbà ni! Kò sí ìlù kankan! Ọkùnrin yìí! Gbogbo wa ń jó àwo tó ya lójú títì, ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ ẹsẹ̀ fún wa!"

"Wọn ò sọ fún ẹ̀yin náà?"

"Ó bá mi sùn, ó bá mi jí, kò sọ fún mi! Mo rò pé ijó ló ń jó! Ó tilẹ̀ ń kà á kó tó tẹ̀ ẹ́, kó má baà ba ijó wa jẹ́. Ọ̀dàlẹ̀! Olólùfẹ́ mi!"

"Màmá, ṣé ẹkún ni àbí ẹ̀rín?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Gbé e padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n gbé e padà títí oúnjẹ fi jóná lórí iná. Ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì á ní ó ti kan òun.

Bílẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n lọ rò ó fún Ọ̀gá Eré. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ gíláàsì rẹ̀ nu. Nígbà tó nu ún tán, ó mi orí.

"Ìtàn yín dùn, mà. Àmọ́ mi ò lè gbé àìsàn àwo kan kó ran orin tí ara rẹ̀ le. A ti fi orin náà kọ́ ijó, a ti fi to iná. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibòmíì ò sì mọ nǹkan kan nípa àwo yín. Ẹ bá mi bẹ àwọn èèyàn yín, kí wọ́n pa ẹnu àti ẹsẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Nítorí Kékeré."

"Nítorí Kékeré," ni Ìyàwó Onírédíò wí. "Mo ṣèlérí."

Ló bá di ojúlé dé ojúlé. Onígbàjámọ̀ ti fá ìdajì orí oníbàárà rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ, ó gbàgbé ìdajì yòókù.

"Ìyẹn ni pé àléébù ni mo ti ń jó látọjọ́ yìí?"

"Àléébù ni."

"Ó sì dùn tó báyẹn?"

Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ìlù."

"Ẹsẹ̀ ọkọ mi lo gbọ́."

"Ẹsẹ̀ ọkọ ẹ ni mo fi gbogbo ìgbà èwe mi jó? Kí lò ń wò nígbà yẹn tí o ò wá gba ọkọ ẹ lọ́wọ́ mi?"

"Nọ́ọ̀sì, ṣé wàá pa ẹnu mọ́ àbí o ò ní pa á mọ́?"

"Màá pa á mọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe sọ ọ́. Wọ́n ṣèlérí, ojú wọn sì fà ro.

Ní ìrọ̀lẹ́, kò sí àyè ìjókòó kankan mọ́ nínú gbọ̀ngàn. Ìyàwó Onírédíò wà níwájú, Nọ́ọ̀sì lápá òsì rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wá láti ìlú mìíràn lápá ọ̀tún rẹ̀, tó ń fi ìwé eré fẹ́ ara. Orin kan tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀kan ń gbóná, ọ̀kan ń tutù, àwọn ọkùnrin fò nínú ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀, àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ dalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣọ pupa yẹn jáde.

"Má tíì lọ, olólùfẹ́…"

Ìyàwó Onírédíò fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Onígbàjámọ̀ ti ki etí fìlà rẹ̀ bọ ẹnu. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí orin ṣe ń súnmọ́ ibẹ̀, o máa rí i tí gbogbo ẹsẹ̀ arúgbó gbéra nílẹ̀, tí wọ́n sì tún rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ jòjòló ń sùn nínú yàrá.

"Dúró ná," ni Kékeré kọ, lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ó dára, kò dàrú. Kékeré la ẹnu láti mú ẹsẹ tó kàn, ó sì wo ìsàlẹ̀ ìtàgé, ó rí wọn. Ó rí fìlà lẹ́nu Onígbàjámọ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ àgbà tó dì mọ́ orúnkún ara rẹ̀ bí ẹni di olè mú.

"Dúró ná," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Onídùùrù gbé orí sókè.

"Dúró ná." Onílù gbé igi sókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Dúró ná." Àwọn eléré dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku ohùn ọmọ nìkan. Kékeré rìn wá sí etí ìtàgé, ó kọjú sí ìyá àgbà tààrà, èjìká rẹ̀ ń mì lójú kan. "Dúró ná. Dúró ná." Àwọn àlejò rò pé bí orin ṣe rí nìyẹn, wọ́n ti ń fi àtẹ́wọ́ gbè é.

"Tú u sílẹ̀!" Nọ́ọ̀sì sọ lábẹ́ ọwọ́. "Ọmọ ti há!"

"Mo ṣèlérí."

"Ìlérí wo? Mo ní ọmọ ti há!"

"Dúró ná. Dúró ná."

Ìyàwó Onírédíò yí ọrùn, ó wá ojú Ọ̀gá Eré kiri. Ọ̀dọ́kùnrin náà fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ti yọ gíláàsì. Ó wo Kékeré. Ó wo gbọ̀ngàn, níbi tí gbogbo èèyàn ti sún wá sí etí àga wọn, àtàgbà àtọmọdé, àtẹni tó mọ̀ àtẹni tí kò mọ̀. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kan sókè díẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí i.

Ìyàwó Onírédíò kò dúró kó tún un tọ́ka. Ó dìde.

Gbì!

Gbogbo ẹsẹ̀ tó ti ń yún láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀, gbọ̀ngàn mì tìtì, igi onílù balẹ̀, fèrè ké, Kékeré sì gba ẹsẹ tó kàn pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Onígbàjámọ̀ ju fìlà sókè, kò wò ó mọ́. Nígbà tí orin parí, wọn kò jẹ́ kó parí. Wọ́n ní kó tún un kọ, ó sì tún un kọ, ó tún há, gbogbo gbọ̀ngàn tún tẹ ẹsẹ̀. Àwọn àlejò kan tẹ̀ ẹ́ níbi tí kò yẹ, kò sẹ́ni tó bá wọn wí.

Lẹ́yìn eré, Ọ̀gá Eré bá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ ò mú ìlérí ṣẹ."

"Ìwọ lo tọ́ka sí ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ló ń yún mi, mà." Ó yíjú sí Kékeré. "Orin ẹ ò ní kúrò. Bó o ṣe kọ ọ́ lónìí la ó máa kọ ọ́. Onílù á kàn máa lu ìlù ńlá níbẹ̀."

"Rárá o," ni Ìyàwó Onírédíò wí. "Kì í ṣe ìlù. Jẹ́ kí ọmọ há síbẹ̀. Ẹnì kan á tẹ ẹsẹ̀."

Kékeré gbé ìyá rẹ̀ àgbà mọ́ra, irun rogodo yẹn sì bo àwọn méjèèjì lójú. Níbi tí wọ́n dúró sí yẹn ni ọmọbìnrin tó jókòó lápá ọ̀tún ti wá kí wọn, òógùn ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ kú ayọ̀, mà. Orin àbúrò yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ìlù tó dún gbì láàárín yẹn ni! Onílù yẹn mọṣẹ́ o."

Nọ́ọ̀sì ti la ẹnu. Ìyàwó Onírédíò yára di apá rẹ̀ mú, ó sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ló wí. "Onílù gidi ni."